Ìwé Ìtọ́jú Tí Mo Fi Ọ̀rá Bò

Mo rántí ìgbà tí ọgbọ́n mi pọ̀ ju ti gbogbo ará Ifangni lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ní Àjàṣẹ́ ni, wọ́n sì gbà mí sí ilé ìtọ́jú arúgbó kan lójú ọ̀nà Daagbé. Iṣẹ́ mi ni láti kọ ìwé pélébé tí a ń pè ní fíìṣì fún arúgbó kọ̀ọ̀kan: ohun tó ń jẹ, bó ṣe ń rìn, ẹni tí yóò máa wẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá wa ní kí n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n tún un kọ bí ara wọn bá ṣe ń yí padà. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wù mí lójú. Kí epo ilé ìdáná má baà bà á jẹ́, mo kó gbogbo rẹ̀ lọ bá onífótókópì, ó fi ọ̀rá líle bò wọ́n, wọ́n ń dán gbinrin, mo sì gbé wọn kọ́ ògiri.

Ìgbà kì í lọ bí òréré, ṣùgbọ́n fíìṣì tèmi lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń dúró níwájú ògiri, tí mò ń mi orí bí ọ̀gá, tí mo sì ń kọ sínú kàyé, ìwé àkọsílẹ̀ mi, pé kò sí àyípadà. Òótọ́ ni mo kọ. Ògiri náà kò yí padà.

Bàbá àgbẹ̀ kan wà níbẹ̀, ará Lagbé, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́. Fíìṣì rẹ̀ sọ pé ẹ̀bà ni lọ́sàn-án, ó ń dá jẹun. Ìyá alásè wa, tí kò mọ̀wé kà, wá ń gbé ẹ̀kọ mímu fún un. Inú bí mi.

“Mama, fíìṣì ni kí ẹ tẹ̀ lé!”

“Mẹ̀síyé nọ́ọ̀sì, ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tí bàbá yìí ń wúkọ́ bó bá ti gbé òkèlè mì. Àbí fíìṣì rẹ ní ọ̀nà ọ̀fun ni?”

Mo ní kì í ṣe òun ni nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé ẹ̀bà síwájú bàbá náà. Ó wo ẹ̀bà, ó wò mí, ó dúpẹ́, torí ọmọlúàbí ni. Òkèlè kejì há a lọ́fun. Kò lè mí mọ́, èmi ọmọwé sì dúró bí òpó. Ìyá alásè ló sáré tẹ̀ ẹ́ síwájú, tó ń gbá a lẹ́yìn títí òkèlè fi jáde. Ojú tì mí, mo sunkún. Mo mú bíìkì ìkọ̀wé mi kí n tún fíìṣì náà kọ, yíǹkì kò mú lórí ọ̀rá.

Bàbá náà lo ọdún kan sí i, ẹ̀kọ ló ń mu.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tèmi ti ń pọ̀. Pẹ́ńsùlù ni mo fi ń kọ fíìṣì báyìí, ilé ìdáná ni mo sì kọ́kọ́ ń yà láti béèrè. Ṣùgbọ́n fíìṣì bàbá náà ṣì wà nínú àpótí mi, ó ṣì ń dán. Ó ti pẹ́ tí a ti sin ín sí Lagbé. Lórí ìwé tèmi, ẹ̀bà ló ń jẹ lọ́sàn-án, ó sì ń dá jẹun.