Wọ́n Fi Ojú Mi Wo Ẹsẹ̀ Mi

Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ lórí táìlì funfun. "Ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?" Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, ní Ìkẹ́rẹ́. A kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń yẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé wò.

Bọ́sẹ̀ ọmọ mi fà mí lápá. "Bàbá, ẹ jókòó. Ẹsẹ̀ yín ni."

Ìṣó ti wọ àtẹ́lẹsẹ̀ mi lójú ọ̀nà. N kò mọ̀ ọ́n lára.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n yọ ọ́, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Àtọ̀gbẹ ni: ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń rù, tí mo ń tọ̀ ṣáá. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ìyàwó mi ló ń jẹ mí. Dókítà ní ṣúgà ti ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, àwọn okùn tín-ín-rín tó ń jẹ́ kí ara mọ ìrora. Bí mo bá tún fi ẹsẹ̀ lásán rìn, egbò lè jẹrà, wọ́n sì lè gé ẹsẹ̀ náà.

Ẹsẹ̀ tí kò dùn mí, báwo ló ṣe ń ṣàìsàn? Mo ti pinnu pé màá padà sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà. Láti ìgbà tí ìyá Bọ́sẹ̀ ti kú, ibẹ̀ nìkan ni n kì í ti í dá wà.

Wọ́n ní kí n lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan, níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán ojú. Èmi àti Bọ́sẹ̀ jókòó lórí àga onírin títí ìdí fi ń ro mí.

"Ẹsẹ̀ ló gbé mi wá," mo sọ fún nọ́ọ̀sì. "Kí lẹ fẹ́ fi ojú mi ṣe?"

"Bàbá, àfi ká fi abẹ la ẹsẹ̀ yín ká tó rí iṣan inú rẹ̀. Ti ojú kò gba abẹ."

Ó ní awọ tó mọ́ bíi dígí níwájú ẹyinjú kún fún iṣan bẹ́ẹ̀. Ohun tí ṣúgà bá ṣe síbẹ̀, ó sábà máa ń ṣe é sí ẹsẹ̀. Ó kán oògùn sí ojú mi kí n má baà mọ ìrora. Ẹ̀rọ náà fara kan ẹyinjú mi. Kò dùn mí.

"Ẹ má ṣẹ́jú o. Ẹ ṣe bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹran lọ́wọ́ ológbò."

Ó fi àwòrán ojú ẹni tí ara rẹ̀ le hàn wá ná: okùn funfun pọ̀, bí ìtàkùn iṣu nígbà òjò. Lẹ́yìn náà ló fi tèmi hàn. Díẹ̀ ló kù, wọ́n ti já kélekèle, bí oko tí ọ̀gbẹlẹ̀ jó.

"Bàbá, ṣé ẹ rí i báyìí?" Bọ́sẹ̀ bi mí.

Mo rí i.

Àwòrán nìkan kọ́ ni wọ́n gbára lé. Wọ́n fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ mi, n kò mọ ìgbà tó kàn án. Dókítà kò tàn mí: èyí tó ti kú lè má jí mọ́, ṣùgbọ́n bí ṣúgà bá wálẹ̀, èyí tó kù lè dúró. Mo ń lo oògùn, mo dín iṣu kù. Egbò náà pẹ́ kó tó jiná.

Mo wọ bàtà lọ bá Ìyá Ìjọ, mo dúró lẹ́nu géètì. "Ìyá, n kò lè bọ́ ọ mọ́."

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé bàtà la ń retí látọjọ́ yìí, àbí ìwọ? Wọ̀ ọ́ láti ulé. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà, bọ́ ọ síbẹ̀; màá ti rán ìbọ̀sẹ̀ funfun sílẹ̀ dè ọ́. Aṣọ ni, kì í ṣe bàtà."

Alaalẹ́ ni mò ń fi dígí yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi wò. Ojú ń ṣe iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ kò lè ṣe mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ojú àti ẹsẹ̀ náà.

Ní ọjọ́ ìsinmi tí mo kọ́kọ́ padà, mo wọlé tán, mo wẹ̀yìn. Táìlì náà mọ́.