Àǹtí Ó-Wà àti Káàdì Àwìn Rẹ̀

"Àǹtí, ṣé lóòótọ́ ló máa ń wà?"

Ó pẹ́ tí ọmọ náà ti ń gbé ìbéèrè yìí kiri nínú kó tó rí ẹnu gbé e jáde. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kó píìnì mẹ́rin sẹ́nu, ó ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò oníṣòkòtò. Ó gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Nígbà tó yọ píìnì lẹ́nu tán, ohun tó sọ ni pé, "Ojú ẹ mú ju tèmi lọ. Bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́ yìí."

Ọmọ náà fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Kò bi í mọ́.

Àǹtí Ó-Wà ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, nítorí pé ohunkóhun tí èèyàn bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, "Ó wà" ni ìdáhùn. Ṣé bọ́tìnnì dúdú wà? Ó wà. Ṣé àyè wà láti bá mi fẹ aṣọ yìí kí ọ̀la tó mọ́? Ó wà. Ìlú mìíràn ni ìyá ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ọmọ sí nítorí ilé ìwé. Bí ọmọ bá nílò ìwé tàbí bàtà, ó wà.

Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù Àǹtí. Ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún ìránṣọ, èkejì fún etí aṣọ, pẹ̀lú dígí gíga kan tó ti sán nísàlẹ̀. Kì í rán aṣọ tuntun. Aṣọ tó ti fún oníwun ló ń fẹ̀, èyí tó gùn jù ló ń gé. A sì máa tu àwọn oníbàárà rẹ̀ nínú: "Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sanra, aṣọ ló súnkì." Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a gbé aṣọ wọn, àwọn mìíràn a sì gbàgbé láti sanwó.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó kú lọ́jọ́ kan, ṣáájú ìbéèrè ọmọ náà, pẹ̀lú kọ́tìnnì oníbàárà nínú rẹ̀. Omi ò jáde, ilẹ̀kùn ò ṣí. Ọkọ Àǹtí, tó ń wa ọkọ̀ ilé iṣẹ́ búrẹ́dì, ló fi irin já a. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni káàdì àwìn dé láti báńkì, orúkọ Àǹtí gàdàgbà lára rẹ̀. Wọ́n fi ra ẹ̀rọ tuntun.

Àǹtí ò kà á sí gbèsè. Gbèsè tí òun mọ̀ láti kékeré, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. A máa kan ilẹ̀kùn, a máa jókòó sórí àga yín, a sì máa mu omi yín. Èyí kì í kan ilẹ̀kùn. Ìwé ló ń kọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á dárúkọ iye tó kéré jù tí èèyàn lè san. Iye yẹn ni Àǹtí ń san. Láyé ìgbà yẹn, kò yẹ ọjọ́ rí, bí kì í ti í yẹ àdéhùn aṣọ. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti san ohun tí wọ́n ní kó san ti sanwó.

Lẹ́yìn ọdún kan, báńkì kọ̀wé pé àwọn ti fi kún iye tó lè ná. Inú Àǹtí dùn bí ọmọ tó gba ipò kìíní.

"Olówó orí mi, ẹ wò ó. Wọ́n ti mọ̀ pé ọmọlúàbí ni mí."

"Wọ́n mọ̀ ọ́n kẹ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Èmi tí mo jẹ́ ọkọ ẹ gan-an ò lè yá ẹ tó bẹ́ẹ̀."

"Ahun lẹ̀yin."

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì dín ọjọ́ iṣẹ́ kù láti mẹ́fà sí mẹ́rin. Oúnjẹ bọ́ sórí káàdì. Ojú Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Jígí ojú bọ́ sórí káàdì. Owó iná, eyín ọkọ, bàtà ilé ìwé. Ẹ bá mi wá ìnákúnàá nínú wọn. Ẹni tó bá gba títì kọjá, ilé tó mọ́ ló rí, kọ́tìnnì rẹ̀ gún régé. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Ọdún tí ọmọ náà pé mẹ́rìnlá ni inú rírun yọ síta. Òun àti Àǹtí jọ lọ ra nǹkan. Ọmọbìnrin tó ń gbowó fa káàdì náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ má bínú, mà. Kò gbà á."

"Ẹ̀rọ yín ló dọ̀tí," ni Àǹtí wí. "Ẹ fi aṣọ nù ún."

Ọmọbìnrin náà nù ún. Kò gbà á síbẹ̀. Àwọn èèyàn ẹ̀yìn ti ń mí kanlẹ̀. Àǹtí dá ọṣẹ padà, ó dá wàrà padà, ó ní òun gbàgbé nǹkan nílé.

Nígbà tí wọ́n délé, ó kó gbogbo lẹ́tà báńkì sórí tábìlì ìgéṣọ. "Ìwọ lo mọ ìṣirò. Bá mi wò ó bóyá wọ́n ń rẹ́ mi jẹ."

Ọmọ náà kà á títí tí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Lẹ́tà tó dé kẹ́yìn sọ pé ó ti di oṣù mẹ́ta tí Àǹtí ò san iye tó kéré jù pé mọ́, pé bí kò bá wá ṣàdéhùn kí oṣù tó parí, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹ̀rọ iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. Èlé ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń san. Gbèsè fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira.

"Àǹtí, ẹ̀rọ ìfọṣọ tá a fi káàdì rà yẹn..."

"Èwo? Èyí tó tún bàjẹ́ lọ́dún tó kọjá, tá a gbé dànù?"

"Òun ni. A ò tíì san owó ẹ̀ tán."

Ọkọ Àǹtí wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú búrẹ́dì lábíyá. "Ó ti kú," ló wí, "a ṣì ń bọ́ ọ."

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́ jù. Nígbà tó dákẹ́, ó fi ọwọ́ pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lórí bí ẹni ń pa ọmọ tó ń ṣàìsàn lórí.

Wọ́n lọ sí báńkì. Báńkì gbà kí èlé má gorí owó mọ́, kí Àǹtí máa san iye kan lóṣooṣù fọ́dún márùn-ún, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ mú owó ńlá kan wá. Ẹ̀rọ etí aṣọ ló tà. Ó ń fi ọwọ́ rán etí aṣọ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ na ọwọ́ sí àlùmágàjí láti gé káàdì, ó figbe ta: "Ẹ má fi àlùmágàjí aṣọ mi gé ike! Ẹ fẹ́ kó kújú ni?" Ni ọkọ bá mú ọ̀bẹ wá, ó rẹ́ káàdì náà bí ẹni ń rẹ́ búrẹ́dì àná.

Ẹnu Àǹtí ló wá ṣòro tún ṣe. Ọkọ rẹ̀ ń kọ́ ọ láti sọ pé kò sí, ó ń ṣe bí oníbàárà.

"Ẹ bá mi gé ṣòkòtò yìí. Màá sanwó lóṣù tó ń bọ̀."

"Ó w..."

"Hẹn-ẹn?"

"Kò sí."

"Kò sí kí ni?"

"Kò sí àwìn! Ẹ jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi!"

"Ó ti pọ̀ jù, ìyàwó mi. Ṣòkòtò ni mo gbé wá, mi ò jalè."

Nígbà tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, kíláàsì ọmọ náà fẹ́ lọ wo òkun, wọ́n ní kí olúkúlùkù mú owó ọkọ̀ wá. Ọmọ náà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí, ó sì sọ ọ́. Àǹtí gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Kò sí, ọmọ mi."

"Kò burú, Àǹtí." Ó yíjú padà láti lọ.

"Jókòó. O bi mí ní nǹkan kan nígbà tó o wà ní kékeré, mi ò dá ẹ lóhùn." Àǹtí bọ́ jígí ojú rẹ̀. "Kì í wà. Láti ọjọ́ tí kọ́tìnnì ti há sínú ẹ̀rọ yẹn ni kì í ti í wà. Ṣùgbọ́n ìwọ, ọmọ tó ń fi odidi ọ̀sẹ̀ kó ara rẹ̀ jọ kó tó tọrọ pẹ́ńsù! Ká ní mo sọ fún ẹ nígbà náà pé kò sí, ṣé o tún máa tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láyé yìí? Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju báńkì lọ. Lónìí, kò sí. Má torí ẹ̀ má tọrọ lọ́la."