Òdòdó Tí Wendell Hun Kò Ní Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà Mọ́

Wendell Tuttle ti kú. Ọjọ́bọ̀ la sin ín sórí òkè tó kọjú sí èbúté Stanley, nínú atẹ́gùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àlùfáà lọ. Àwa tá a lọ ò kún mọ́tò méjì. Kò sí àsíá Ìlú Ọba, kò sí ti Amẹ́ríkà. Ojú tì mí, ó sì yẹ kó ti gbogbo wa.

Ta ni Wendell? Kí ará ìlú yìí má bi mí o! Lọ́dún 1982, tí Ìlú Ọba àti Ajẹntínà ń jà du erékùṣù wa yìí, nígbà tí àwọn ará Ajẹntínà ri ọkọ̀ ogun ńlá tí Ìlú Ọba gbójú lé, Amẹ́ríkà ló fi tirẹ̀ dípò. Ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ káyé gbọ́ pé àwọn jà. Wọ́n bá ṣa àwọn atukọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì jọ, wọ́n ní òṣìṣẹ́ lásán ni wọ́n. Wendell tó ń tún hẹlikópítà ṣe wà lára wọn. Nígbà tí bọ́ǹbù ba ọkọ̀ náà létíkun wa níbí, inú iná ló ti ń fa àwọn ọmọ ogun Ìlú Ọba tó wà nínú rẹ̀ jáde, títí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi bó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ọkọ̀ rì. Ogun parí, ó kọ̀, kò padà sílé. Ó ní òun ò lè dá wọn dá omi tútù yẹn.

Ọwọ́ bíbó yẹn ló fi ń gé ilẹ̀ dúdú tí à ń sá gbẹ ká tó fi dáná bí igi, ó ń gé e fún àwọn opó. Muriel Pettit, ọ̀kan nínú wọn, sọ fún mi létí sàárè:

"Mo máa ń pariwo mọ́ ọn pé, 'Wendell, sinmi, o ti darúgbó!' Á ní, 'Ta ló bi ọ́ lọ́jọ́ orí mi? Gbé tíì wá jàre.'"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹkún bá gbà á.

Kí la wá fi san án? Itan àgùntàn! Ẹnu àwa ará ibí wúwo, ẹran la fi ń dúpẹ́. Wendell a máa ní, "Ẹ tún gbé òmíràn dé? Láìpẹ́ màá máa ké bí wọn." Orúkọ rẹ̀ àti tàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ ká pè ní gbangba, ẹran la fi dí i lẹ́nu.

Ní gbogbo ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, ọjọ́ tí ogun náà parí, tá a bá ń pe orúkọ àwọn tógun pa níwájú òkúta ìrántí, Wendell á gbé òdòdó ìrántí tó fi ẹ̀ka igi kékeré eléso pupa ilẹ̀ wa hun wá fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá á dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Wendell, ẹ ní sùúrù, kí àwọn tó lókùú parí ná."

"Òkú tèmi ńkọ́, ọmọ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kí n ṣe, sà."

Àwa náà á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, a ó ní, "Wendell, wá mu tíì tó o bá ṣe tán o!" Ìgbà tí gbogbo wa bá lọ tán ló tó lè wọlé. Ṣé a ò lójú ni?

Amẹ́ríkà ní ọmọ òun kankan ò jà. Ìlú Ọba ní kì í ṣe ọmọ ogun òun. Ó dáa, àwa tá a rí ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, ó burú ju ọlọ́ṣà tó kóni lẹ́rù lọ. Àwa gan-an lẹni yẹn.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìlú, ta ló pàṣẹ pé kó máa dúró? Ẹ dárúkọ ẹ̀ fún wa. Kó tó di ọjọ́ ìrántí tó ń bọ̀, ẹ gbẹ́ orúkọ Wendell àti tàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sára òkúta yẹn.

Ó ti hun òdòdó tọdún yìí kó tó kú. Orí tábìlì rẹ̀ ni Muriel ti bá a. Èmi àti Muriel la máa gbé e wá, a ò sì ní dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá lọ mu tíì. Ẹni tó bá fẹ́ dá wa dúró, kó ṣe é lójú gbogbo ìlú, kó sì sọ ìdí ẹ̀.