Ata Àkọ́pọ́n Ìyá Ọlámijùlọ

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ata tó bá kọ́kọ́ pọ́n?”

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Bísọ́lá fi to ọ̀rọ̀ yìí sínú kó tó ní ìgboyà láti sọ ọ́ jáde. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ojú sì máa ń tì í. Ìyá Ọlámijùlọ, tí ilé rẹ̀ fara kan tiwọn ní Springdale ní Amẹ́ríkà, ló ń bi ní ìbéèrè, ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2003. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó ń so òwú pupa mọ́ ọrùn ata rodo kan ṣoṣo tó ti ń pọ́n láàárín àwọn tútù.

Ìyá gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. “Bísọ́lá, àṣé o lè sọ̀rọ̀ báyìí! Ìbéèrè rẹ dára. Jẹ́ kí èmi fúnra mi kọ́kọ́ rí ìdáhùn rẹ̀ ná.”

Bísọ́lá kò gbàgbé.

Àwọn ará ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí Ìyá ń lọ ní àkọ́so ni ata náà, wọ́n ní Ọlọ́run ló ń yà á sọ́tọ̀ fún. Ọjọ́ ìkórè dé, wọn ò rí ata lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Sàláhúdéènì, awakọ̀ takisí tó ń gbé ní òdìkejì títì, ní ahun lásán ni Ìyá.

“Ìyá Ọlámijùlọ, ata kún ìsọ̀ Langley Park fọ́fọ́!” ló máa ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. “Ẹyọ kan lẹ wá so lókùn bí ewúrẹ́. Ṣé yóò sá lọ ni?”

“Ata Langley Park kàn ń ta èèyàn lẹ́nu ni, kò ní òórùn. Lọ wa takisí rẹ, jàre!”

Òótọ́ ló sọ. Ìyá tó bí Ìyá Ọlámijùlọ ló ń gbin ata yìí ní Ìsẹ́yìn. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ nínú ilé kan, ilé kẹta á ti máa béèrè pé kí lẹ ń sè. Nígbà tí ìyá àgbà kú, ẹbí ta oko, wọ́n kọ́ ilé sórí rẹ̀. Kò sí irúgbìn ata náà níbòmíràn mọ́ àfi èyí tí ọmọ rẹ̀ dì sínú bébà wá sí Amẹ́ríkà lọ́dún 2000.

Díẹ̀ ló sì kù kí Ìyá Ọlámijùlọ fọwọ́ ara rẹ̀ pa á run. Nígbà tí oṣù kẹta ọdún 2001 ń parí lọ, ààrá sán, òjò ńlá rọ̀, oòrùn sì ràn tẹ̀lé e. Ọmọ àgbẹ̀ wo ni yóò rí àkọ́rọ̀ òjò tí ọwọ́ kò ní í yún un? Ìyá kó gbogbo ata tó ti hù nínú ife lójú fèrèsé jáde, ó ń gbìn wọ́n, ó ń kọrin. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó jí láàárọ̀, ó bá ilẹ̀ ní funfun báláú. Ìrì ti dì mọ́ gbogbo ewé. Kí oòrùn tó gòkè, ata ti dúdú, ó ti rọ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀. Irúgbìn mọ́kànlá péré ló ṣẹ́ kù nínú bébà.

Anna, ìyá arúgbó ọmọ Amẹ́ríkà tó múlé tì í, mi orí. Ó ní òjò oṣù kẹta níbí máa ń purọ́. Ìrì dídì lè padà wá títí oṣù karùn-ún yóò fi wọlé, bó bá sì di oṣù kẹwàá, ó tún ti ń bọ̀ lọ́nà.

Ìyá ra kàlẹ́ńdà ńlá, ó gbé e kọ́ ilé ìdáná. Ó fi bírò pupa fa ìlà sí àárín oṣù karùn-ún, ó fa òmíràn sí àárín oṣù kẹwàá. Oṣù márùn-ún péré! Ní Ìsẹ́yìn, ata ní odindi ọdún láti fi ṣe fàájì. Lọ́dún 2002, àwọn mọ́kànlá náà so jìngbìnnì, ṣùgbọ́n ẹyọ mẹ́ta ló pọ́n kí ìrì dídì tó pa ìyókù ní tútù. Ata tútù kì í sì í ní irúgbìn tó lè hù. Ọdún kan péré tí nǹkan bá yí, ata Ìsẹ́yìn ti parí nìyẹn.

Láti ọjọ́ ìbéèrè yẹn ni Bísọ́lá ti ń bá a ka ọjọ́. Òun ló ń kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà lọ́jọ́ tí ìyá bá so òwú pupa.

Lọ́dún kejì ìbéèrè náà, rédíò kéde ní ọ̀sán ọjọ́ kan pé ìrì yóò dì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìlà pupa ṣì ku ọ̀sẹ̀ kan! Ata olówùú sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n dé ìdajì. Bísọ́lá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ilé ìwé nígbà tó gbọ́ igbe Ìyá.

“Bísọ́lá! Sáré! Kó gbogbo aṣọ ibùsùn yín wá!”

Ó ju báàgì sílẹ̀. Òun tí kì í gbóhùn sókè ní kíláàsì, òun ló dúró láàárín títì tó ń ké, “Bọ̀ọ̀dá Sàláhúdéènì, ẹ gbà wá o! Ẹ mú aṣọ wá!”

Bọ̀ọ̀dá gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì jáde. Kò tó. Ó padà wọlé, ó mú agbádá kan wá, ó ń ráhùn. “Agbádá tí mo wọ̀ lọ́jọ́ Iléyá! Ó dáa, ẹ gbà á. Ata ti di Alùhájì lónìí.”

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó hú igi ata olówùú tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, òun àti Bísọ́lá gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì wọ ilé ìdáná. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìdajì ọgbà ti kú lábẹ́ aṣọ. Èyí tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì pọ́n roro lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Irúgbìn ẹyọ ata yẹn nìkan ni wọ́n gbìn lọ́dún 2005. Ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án ni wọ́n so òwú. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ kẹsàn-án. Lọ́dún 2007, oṣù kẹsàn-án kò tíì wọlé rárá! Bísọ́lá kọ déètì náà. Ó wo ọdún dé ọdún, ó rí i pé déètì náà ń sá fún ìlà pupa, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń lé e.

Lọ́dún 2008, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ni wọ́n so òwú. Kí oṣù kẹsàn-án tó dá sí méjì, gbogbo ebè ti pupa yòò, ìrì dídì ṣì wà lọ́nà jíjìn. Sàláhúdéènì gbé ike wá, ó ń pariwo, “Alùhájì ti ti Mẹ́kà dé o!” Anna pàápàá já tirẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó sì sáré wá omi.

Ìyá pe Bísọ́lá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni báyìí. Ìyá fi àpòòwé kékeré kan lé e lọ́wọ́, irúgbìn ata olówùú ń dún wóró-wóró nínú rẹ̀.

“O bi mí ní ìbéèrè kan lọ́jọ́sí. Ṣé o ṣì rántí?”

“Mo rántí, mà.”

“Mi ò dá ọ lóhùn nígbà yẹn, torí bí mo bá sọ ọ́ tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, mo ti purọ́ fún ọmọdé nìyẹn. Wàyí o, gbọ́. Èyí tó bá kọ́kọ́ pọ́n ni kò dúró de òtútù, ọmọ rẹ̀ ni mo sì ń wá. Tí a bá jẹ èyí tó yára, ọmọ àwọn tó lọ́ra nìkan ni a óò rí gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, ìrì dídì á sì tún bá wọn lójú ọ̀nà.”