Bí Sódíọ̀mù Ṣe Kéré Sí I ní Bódìjà

Nígbà tí mo ṣì kéré, ẹ̀yin ọmọ òde òní, ìbéèrè kan ṣoṣo lè yọ ènìyàn kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Ní ilé ìwé wa ní Bódìjà, tíṣà kẹ́mísírì á pè ọ́ síwájú, wọ́n á na ṣọ́ọ̀kì sí ọ, wọ́n á bi ọ́. Bí o bá kùnà, o ó gbé àpò ìwé rẹ, ó di kíláàsì kejì, ti àwọn tí kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ apòògùn sì lèmi ń lé; láìsí kẹ́mísírì, àlá lásán ni.

Ìbéèrè tèmi rèé: bí sódíọ̀mù bá fún kilorínì ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan kí wọ́n lè di iyọ̀, ta ló tóbi sí i, ta ló kéré sí i? Mo rántí pé àmì àròpọ̀ ni wọ́n máa ń kọ sórí sódíọ̀mù lẹ́yìn náà. Ọlọ́gbọ́n orí mi, mo ní sódíọ̀mù ló tóbi sí i.

Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Ará Ṣakí, ẹni tó fúnni ní nǹkan ló tún wá ń sanra?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ní, "Ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ṣàlàyé, tàbí kí o gbé àpò rẹ."

Ìyẹn ni mo fi rántí ilé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ní Ṣakí, ìyá àgbà wa ló wà láàárín ilé. Àwọn òbí mi méjì ló sún mọ́ wọn jù, ẹ̀gbọ́n mi mẹ́jọ wà ní yàrá tó tẹ̀ lé e, èmi nìkan wà ní yàrá ìta, torí mo máa ń hanrun. Nígbà tí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi níbí, wọ́n ti yàrá ìta pa, ilé sì kéré. Sódíọ̀mù nìyẹn. Níbí, ọmọ méje ló wà lórí ẹní kan; èmi ni mo sọ wọ́n di mẹ́jọ. A ń ti ara wa títí wọ́n fi wá ẹní tó fẹ̀ ju ìyẹn lọ fún wa. Kilorínì nìyẹn."

"Kí ló wá so wọ́n pọ̀?"

"Ilé tó fúnni lọ́mọ àti ilé tó gbà á ń fa ara wọn mọ́ra, sà. Ẹ bi àwọn ará ilé mi tó ń ru èlùbọ́ láti Ṣakí wá sí Bódìjà lóṣooṣù."

Tíṣà kọjú sí pátákó kí a má baà rí ẹ̀rín wọn. "Lọ jókòó sí àyè rẹ." Mo rìn padà bí ológun tó ṣẹ́gun. Ẹlẹ́nu ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n sì pè tẹ̀ lé mi.

Lónìí, fóònù ń fi átọ́ọ̀mù hàn yín bó ṣe ń yí, àwọn òbí sì ń lọ bẹ tíṣà kí ọmọ wọn má kúrò ní sáyẹ́ǹsì. Mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ yà sí ilé oògùn mi ní Ring Road, kẹ́ ẹ wo ìwé ẹ̀rí tí mo gbé kọ́ sára ògiri. Kò sẹ́ni tó bá mi bẹ̀bẹ̀ fún un.