Mo Kọ́ta, Mo Kọ́pẹ́

Bàbá tó ń tún fíríìjì ṣe nínú ilé wa ní Ìgàndó kì í gbá géèmù bọ́ọ̀lù orí ayélujára lórí fóònù láìkọ́kọ́ kí ẹni tí wọ́n fẹ́ bá gbá a, bí ìgbà tí èèyàn kí àwọn tó ń tayò: "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ́ o!" Ará Jámánì kì í fọhùn. Ará Bùràsíìlì á rẹ́rìn-ín títí. Bàbá á ní, "Wọn ò mọ̀ ọ́n ni jàre."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹnìkan dáhùn: "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ́ ò gbọdọ̀ fọhùn!" Inú bàbá dùn bí ẹni rí ẹbí. Àfi bí góòlù kejì ṣe wọ àwọ̀n onítọ̀hún, ìyá tó bí bàbá ló ń bú.

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ọmọ wa nìyẹn ṣá."

Láti ọjọ́ náà, bàbá ò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Ìgàndó náà ti ní ará Jámánì tirẹ̀.