Bí Àmúsà Ṣe Mú Epo Dé Ẹ̀yìn Mọ́tò Àtijọ́

Ọdún 1995 ni mo mọ Àmúsà Ògúnjọbí, nígbà tí àwa mẹ́fà jọ ń gbé yàrá kan ní Al Khan, ní Sharjah. Ayé ìgbà yẹn dùn lójú mi báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bedspace lásán, àyè bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo, ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní.

Mẹkáníìkì ni Àmúsà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní Friday tí a kì í ṣiṣẹ́, a máa ń fi gaàrí tí Kàfáyàt ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé wá láti Èkó tẹ ẹ̀bà, nígbà tó bá wá ra ọjà ní Deira, àdúgbò ọjà ní Dubai. Àmúsà á wá máa sọ ìtàn Bàbá Ṣùáíbù, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, tí kì í jẹ́ kí mọ́tò kankan jáde láìjẹ́ pé wọ́n wọ abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fi gíríìsì sí gbogbo oríkèé rẹ̀.

Al Quoz ní Dubai ni Àmúsà ti ń ṣiṣẹ́, lọ́dọ̀ ará Pakistan kan tí gbogbo wa ń pè ní Ustad, ìyẹn ọ̀gá. Lọ́jọ́ kan, bàbá Lárúbáwá kan, Abu Salim, gbé mọ́tò kan wá tí wọ́n ti ṣe láti nǹkan bí ọdún 1927. Ẹnikẹ́ni kì í wọ abẹ́ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ láti fi gíríìsì sí i. Dírẹ́bà á kàn fi ẹsẹ̀ tẹ irin kan, epo tí kì í jẹ́ kí irin jẹra wọn á sì gba inú àwọn páìpù tín-ín-rín lọ sí oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn páìpù náà ti jẹrà, kò sì sí ìwé tó fi bí wọ́n ṣe tò wọ́n hàn.

"Yalla, ki gíríìsì sí i, khalas," ni Ustad wí fún Àmúsà, pé kó tètè ṣe é kó parí.

Abu Salim mi orí pé rárá. Ó ní bàbá òun ló ń wa mọ́tò náà nígbà kan fún oníṣòwò kan ní Bahrain. Abu Salim fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ń jẹ́ kó tẹ irin yẹn nígbà tó wà ní kékeré.

Àmúsà ní, "Ustad, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì."

Ó ya páìpù sórí páálí, ó to páìpù tuntun sábẹ́ mọ́tò, ó tẹ irin. Epo ya dà síwájú, ẹ̀yìn gbẹ táútáú. Nígbà tó délé lálẹ́ ọjọ́ náà, kò lè jẹun.

"Ẹ̀gbọ́n Dèjì," ó sọ fún mi, "ibi tó bá sún mọ́ epo ló ń dà sí."

"Ṣé o ò ní gba ohun tí ọ̀gá rẹ wí?"

"Tí mo bá ki gíríìsì sí i, mọ́tò á rìn o. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí bàbá yẹn wá gbà nìyẹn."

Ọjọ́ kẹta ló wá yé e pé ẹnu oríkèé ló yẹ kóun dín kù. Ó fi idẹ gbẹ́ ìdérí kékeré fún oríkèé kọ̀ọ̀kan, ó dá ihò sí i, ó sì ki wáyà sínú ihò náà kí epo lè máa kán díẹ̀díẹ̀. Tiwájú há, tẹ̀yìn dẹ̀ díẹ̀, kí epo lè dé ẹ̀yìn. Mẹ́rìndínlógún ló nílò. Èyí tó bàjẹ́ lé ní ogójì.

Ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ Ustad, nítorí náà mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Abu Salim padà wá. Àmúsà dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò. Bàbá náà bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó jókòó, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ irin náà.

"Ó dé!" Àmúsà kígbe. "Ó ti dé ẹ̀yìn!"

Abu Salim ń fọwọ́ ra sítíárìn bí ẹni ń fọwọ́ ra ọmọ lórí. Nígbà tó yá, ó bọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀ láti wo abẹ́ mọ́tò, epo sì kán sí i léjìká. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Shukran, habibi," ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Àmúsà, omi sì ti ń dà lójú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, Àmúsà ni Ustad ń fi gbogbo mọ́tò àtijọ́ lé lọ́wọ́. Ọdún 1999 ló padà sílé. Ó kọ lẹ́tà sí mi pé takisí lòun ń tún ṣe, pé ọwọ́ òun dí, ara òun sì le. Ṣùgbọ́n ó ní àárò Al Quoz máa ń sọ òun, pàápàá tí oòrùn bá mú. Àárò tirẹ̀ ń sọ èmi náà.